Kọ̀ǹpútà Windows 7 tó ń darí ẹ̀rọ bánà mi: kí ni mo lè ṣe kó má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ bánà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà kankan lẹ́nu àfi ẹyọ kan tí Windows 7 wà nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ 32-bit (irú ti àtijọ́; 64-bit ni ti òde òní). Káàdì PCI kan, pákó kékeré tí wọ́n ń ki bọ mọ́dábọ́ọ̀dù, wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí wáyà ẹ̀rọ ń wọ̀, dongle sọ́fítíwíà ìtẹ̀wé, kọ́kọ́rọ́ USB tí sọ́fítíwíà náà kò lè ṣí láìsí i, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní wàhálà. Ó ń tú íǹkì bó ṣe yẹ, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń mú. Kọ̀ǹpútà náà pàápàá kò ṣàìsàn. Ohun gbogbo tó yí i ká ló ti yí padà, tí òun dúró sójú kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan fi iṣẹ́ bánà òkú ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ Ọjọ́rú, àìsùn ku ọ̀la. Mo fẹ́ ṣí WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ̀. Mo gba fáìlì náà sórí fóònù, mo gbé e sórí fláàṣì, CorelDRAW mi, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya iṣẹ́, ní òun kò lè ṣí i, torí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní kí n tiẹ̀ wò ó bóyá owó obìnrin náà ti wọlé, ojú-ìwé báńkì ní ìsopọ̀ náà kò ní ààbò, kò jẹ́ kí n kọjá. A tún gbogbo ọ̀rọ̀ inú bánà yẹn tẹ̀ lóru, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Nígbà tó jáde, gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà orúkọ màmá náà ti di àpótí kékeré. A tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọkùnrin kan tó wá wò ó fún mi ní kí n jẹ́ kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí òun gbé Windows 11 sí i. Mo ní kó dúró ná. Síídì driver, sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tó bá ẹ̀rọ náà wá ti ya. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá lọ, irin lásán ni ẹ̀rọ tó kù, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀tìgbà

Ọ̀gá mi, ẹ kú àfaradà. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ ní kó dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà rẹ̀ lódindi. Kì í ṣe ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ oníbàárà nìkan ni mò ń wí. Ẹ̀dà hard disk látòkè délẹ̀: Windows, driver, sọ́fítíwíà ìtẹ̀wé, àwọn ètò àwọ̀ tí ẹ ti ń tún ṣe láti ọdún gbọ́nhan, gbogbo rẹ̀.

Clonezilla, sọ́fítíwíà tó ń da odindi disk kọ, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, orí fláàṣì ló sì ti ń ṣiṣẹ́, kò nílò kí Windows tàn rárá. Ẹ ra hard disk SATA tí àyè rẹ̀ tó ti àtijọ́ tàbí tó jù ú lọ, torí kò ní gbà kí ẹ da disk ńlá sínú kékeré. Bó bá parí, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi ẹ̀dà náà sípò rẹ̀, kí ẹ fi tẹ odindi bánà kan. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì fi tan kọ̀ǹpútà rí, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí tí Windows 11 kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí. 64-bit nìkan ni. Sọ́fítíwíà 32-bit lè ṣiṣẹ́ lórí 64-bit, àmọ́ driver 32-bit kò lè wọ ibẹ̀, driver yẹn ló sì ń bá káàdì yín sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣípù ààbò kan, bó bá sì jẹ́ Intel ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, láti ìran kẹjọ lọ sókè. Windows 10 ní ti 32-bit, àwọn kan máa ń rí i lò fún irú ẹ̀rọ báyìí. Ṣùgbọ́n Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ ó kàn kó kúrò nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò bọ́ sínú òmíràn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni.

Ìyá Kafé Yàbá

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹ wo aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yín. Ọjọ́ wo, ọdún wo ló kọ síbẹ̀? Bó bá ti padà sẹ́yìn, bàtírì pẹlẹbẹ tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti kú. CR2032 ni wọ́n ń pè é, ó rí bíi kọ́bọ̀ owó, ẹni tó ń tún aago ṣe náà ní in. Àwa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí a tún máa ń yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù, bàtírì yẹn nìkan ló ń gbé aago náà lóru, kì í sì í pẹ́ tán.

Ìdí tó fi kan báńkì yín nìyí: ojú-ìwé tó ní ààbò máa ń mú ìwé ẹ̀rí kan wá, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò kú wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó rò pé ọdún 2010 la wà yóò ní ìwé ẹ̀rí ọ̀hún kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó pàdánù dátà odindi ọ̀sẹ̀ kan nídìí gbígbé browser kan kúrò àti gbígbé òmíràn sí i, nígbà tó jẹ́ aago ni.

Bí aago bá tọ̀nà tó ṣì kọ̀, ẹ wo browser yín. Orí 109 ni Chrome dúró sí fún Windows 7, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Firefox 115 ESR, irú tí wọ́n ń tún ṣe fún ìgbà pípẹ́, ni mò ń lò lórí àwọn ti àtijọ́ ní kafé mi. Oṣù keje ọdún 2023 ló jáde, Mozilla sì sún ọjọ́ òpin rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí àwọn tó ṣì wà lórí Windows 7. Àǹfààní mìíràn tó ní ni pé Firefox ń gbé àkójọ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kiri fúnra rẹ̀, kì í wo ti Windows. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé ẹ̀rí àgbà kan tí Let's Encrypt, àwọn tó ń fún ojú-ìwé ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, gbára lé, DST Root CA X3, parí. Kọ̀ǹpútà tí kò ní èyí tó rọ́pò rẹ̀, ISRG Root X1, kò lè ṣí ojú-ìwé rẹpẹtẹ láti ọjọ́ náà, kò sì sí ohun tó ṣe àwọn ojú-ìwé ọ̀hún.

Àmọ́ mà á bẹ̀ yín o, ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn wo owó mọ́. Fóònù yín ni kí ẹ fi wò ó.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta

Atẹ̀wé, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìyá Kafé sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ni èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló kan kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ kan WhatsApp? Kí ló kàn án kan báńkì? Mo ti wà nídìí ìtẹ̀wé láti ìgbà tí a ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé. A kì í ní kí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ tún máa sáré lọ gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ gbé iṣẹ́ méjì lé kọ̀ǹpútà kan lórí, ìkejì ló sì ń pa á.

Ọdún 2009 ni Windows 7 jáde. Àtúnṣe ààbò rẹ̀ parí ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń san owó fún àfikún náà kò rí i gbà mọ́ lẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 2023. Ihò tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tí yóò dí i. Ṣé ẹ rántí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà yẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún 2017? Kò dúró kí ẹnì kan tẹ nǹkan kan. Ó ń gba ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní SMBv1, láti ara kan bọ́ sí èkejì, ó sì ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó. Oṣù kẹta ọdún náà ni àtúnṣe rẹ̀ ti jáde. Windows 7 tí wọn kò ṣe àtúnṣe yẹn sí lára ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ní kí ẹ̀gbọ́n ọmọ mi kan ṣe é ní Mùṣin, tí kò sì tíì yọ ọ́ lẹ́nu, nìyí. Gba láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tó lè gbé Windows tí wọ́n ṣì ń tún ṣe. Òun ni kó máa gba àlejò: WhatsApp, ímeèlì, fláàṣì oníbàárà, CorelDRAW tuntun. Ibẹ̀ ni kí o ti ṣe iṣẹ́ náà tán pátápátá. Lẹ́yìn náà sọ ọ́ di TIFF, irú fáìlì àwòrán kan, pẹ̀lú àwọ̀ CMYK tí ìtẹ̀wé ń lò, kí o tó gbé e lọ sí Windows 7. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní í mọ CorelDRAW ọdún wo ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ní í bèèrè. Àwòrán ni yóò rí, àwòrán ni yóò tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ màmá yẹn dùn mí púpọ̀. Fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ kò ní ẹ, ọ àti ṣ tó lámì lábẹ́, ìyẹn ló fi ń gbé àpótí jáde. Bí fáìlì bá ti di TIFF, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò nílò fọ́ǹtì mọ́, bó ṣe rí lójú láptọ́ọ̀pù ni yóò ṣe rí lórí bánà. Bó bá sì jẹ́ fáìlì CorelDRAW ni o gbọ́dọ̀ gbé lọ, kọ́kọ́ yí gbogbo lẹ́tà padà sí curves, kí wọ́n di ìlà àwòrán lásán, kí o sì mú irú CorelDRAW tìrẹ nígbà tí o bá ń tọ́jú rẹ̀. Orúkọ òkú ni ohun ìkẹyìn tí ọmọ ń ṣe fún òbí rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Kò gbọ́dọ̀ jáde láìpé.

Ohun kan tó kù: má ṣe kó 300 dpi (iye tóótó àwòrán nínú íńṣì kan) sínú bánà tí wọ́n máa wò láti òdìkejì títì. 72 sí 100 tó, bó bá ti jẹ́ pé bí bánà yóò ṣe tóbi tó gan-an lo fi ṣe é. TIFF kò lè ju 4 GB lọ, fláàṣì tí wọ́n ṣe ní FAT32, ọ̀nà kan tí fláàṣì fi ń to fáìlì, náà kò lè gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ. Bí ó bá kọ̀ láti kó o, má lu fláàṣì náà. Ṣe é ní NTFS tàbí exFAT, Windows 7 mọ méjèèjì.

Ọmọ Ọ̀tìgbà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an sà. Mo fẹ́ fi kún un lórí bí wọn yóò ṣe so méjèèjì pọ̀. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan láàárín láptọ́ọ̀pù àti Windows 7, kò sí ráútà láàárín. Ẹ fún ọ̀kan ní 192.168.50.1, ẹ fún èkejì ní 192.168.50.2, ẹ fi gateway, ìyẹn àdírẹ́sì ọ̀nà sí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ lófìfo. Windows 7 kò ní í rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí fódà kan lórí rẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù yóò máa ju iṣẹ́ sí. Ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ lórí Windows 7 pẹ̀lú password, torí Windows 11 Pro láti ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní 24H2 kì í gbà kí ènìyàn wọ fódà ẹlòmíràn bí àlejò tí kò lórúkọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbé láptọ́ọ̀pù wá sọ́dọ̀ mi pé ó bàjẹ́, ìyẹn náà ni.

Níwọ̀n ìgbà tí láptọ́ọ̀pù náà wà lórí Wi-Fi, ewu lè gba ara rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ ṣe àwọn àtúnṣe tó bá ṣì wà sí Windows 7 lára. Ẹ gbà wọ́n láti Microsoft Update Catalog lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi fláàṣì gbé wọn lọ. KB4490628 kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà KB4474419. Àwọn méjì yìí ló ń kọ́ Windows 7 láti mọ ìbuwọ́lù SHA-2, èyí tí Microsoft fi ń jẹ́rìí sí àtúnṣe rẹ̀. Àtúnṣe tó jáde láti ìdajì kejì ọdún 2019, àti ọ̀pọ̀ driver tuntun, kò ní í wọlé bí wọn kò bá sí níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ wá àtúnṣe MS17-010 tó dí ihò WannaCry.

Alábẹ́rẹ́ Ìdúmọ̀tà

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù ni tèmi, ọrùn agbádá àti fìlà la ń fi ṣe. Kò tilẹ̀ mọ USB. Floppy ló mọ̀, 1.44 MB. Nígbà tí floppy bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ẹnì kan ló fi Gotek hàn mí: ẹ yọ ibi tí floppy ń wọ̀, ẹ fi í síbẹ̀, ẹ ki fláàṣì kan bọ̀ ọ́, ó sì pín in sí floppy púpọ̀ tí wọ́n ní nọ́ńbà. Ẹ̀rọ rò pé floppy lòún ṣì ń kà. Fáìlì DST tí ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù ń kà kì í tóbi, nítorí náà àyè tó. Láti ọjọ́ náà mi ò wá floppy rà mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kì yín nílọ̀ lé lórí ni SSD, disk tó yá tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Mo ra ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán, wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, ó dára. Ẹni tó bá mi ṣe é wá lọ sínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn, ó yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá disk sọ̀rọ̀ láti IDE sí AHCI kó lè yá sí i. Ojú búlúù, 0x0000007B, ó ń tàn ó ń kú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí iṣẹ́ aṣọ ẹbí wà nílẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́. A dá BIOS padà sí IDE, ó tàn. Lẹ́yìn náà a wọ registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, a lọ sí Services, a wá msahci, driver AHCI náà, a yí Start rẹ̀ sí 0, kí a tó tún yí BIOS padà. Bó ṣe yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dongle yín ńkọ́? Ẹ má fi sí iwájú kọ̀ǹpútà tí ẹsẹ̀ ti lè gbá a. Ẹ̀yìn ni, kó sì jẹ́ ojú USB dúdú. Àwọn aláwọ̀ búlúù jẹ́ USB 3, Windows 7 kò mọ̀ wọ́n fúnra rẹ̀ láìsí driver. Ẹ má gbé dongle lọ sílé. Bó bá sọnù, ẹ ti sọ ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà náà nù.

Ọmọ Akọ́ka

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin àgbà. Kí ló dé tí ẹ kò fi Linux Mint rọ́pò Windows lórí kọ̀ǹpútà tuntun kan, kí ẹ sì gbé Windows 7 sínú VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà? Ẹ ó lè da gbogbo Windows náà kọ bíi fáìlì kan, bó bá bàjẹ́ ẹ kàn dá a padà sí ti àná. Mo fi ń lo sọ́fítíwíà ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́ kan, dongle rẹ̀ sì ń kọjá wọlé.

Ọmọ Ọ̀tìgbà

Àbá gidi ni fún ẹni tó jẹ́ dongle nìkan ló ní, mo sì máa ń ṣe é fún àwọn oníṣirò owó. Àmọ́ káàdì PCI wà nínú tọ̀gá wa. VirtualBox kì í fi káàdì PCI fún Windows tó wà nínú rẹ̀. Kódà ká ní USB ni ẹ̀rọ náà ń lò, bánà tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ dé ìdajì kò lè dúró de kọ̀ǹpútà. Bí ìsọfúnni bá falẹ̀ díẹ̀, ìlà funfun ni yóò jáde, fílẹ́ẹ̀sì ti ṣòfò.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá.

Àbúrò mi Ọmọ Ọ̀tìgbà, Ọlọ́run á bù kún ọ. Clonezilla dé ìdajì, ó dúró, ó ní òun kò lè ka ibì kan lórí disk náà. Mo tún un ṣe pẹ̀lú -rescue gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ fún mi lórí fóònù, ó fo ibẹ̀ kọjá, ó sì parí. Ṣé ó yé yín? Disk náà ti ń kú láìsọ fún mi. Ọmọkùnrin tó fẹ́ pa á rẹ́ yẹn, ì bá pa á rẹ́, n kò ní í rí ibi gba driver padà títí ayé. Ẹ̀dà náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí, mo ti fi tẹ bánà mọ́kànlá.

Ìyá Kafé, ọdún 2009 ni aago náà kọ. Bàtírì ni lóòótọ́.

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi ló ń gba àlejò báyìí. Obìnrin yẹn padà wá fún bánà ìdúpẹ́. Mo gbé orúkọ màmá rẹ̀ sí i pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì abẹ́. Ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sanwó.

Ìbéèrè kan ló kù. Mọ́dábọ́ọ̀dù náà ti dàgbà. Irú kọ̀ǹpútà wo ni kí n lọ rà pamọ́, tó ṣì lè gba Windows 7 àti káàdì yìí?

Ọmọ Ọ̀tìgbà

Ọ̀gá mi, Intel ìran kẹta ni kí ẹ wá. HP Compaq Elite 8300 tàbí Dell OptiPlex 7010, èyí tó ga tó dúró gbọn-in, kì í ṣe pẹlẹbẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ fi ojú ara yín rí àyè PCI, kí ẹ ki káàdì yín bọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ 7010 yẹn o: ní ọdún 2023 Dell tún sọ kọ̀ǹpútà tuntun kan ní OptiPlex 7010, ìyẹn kò lè ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní ìran kẹfà pé ó yá jù. Láti ìran yẹn, bí ẹ bá ki Windows 7 bọ̀ ọ́, máósì àti kíbọọ̀dù lè kú kí ẹ tó dé ojú-ìwé kejì, torí síídì Windows 7 kò ní driver USB 3. Láti ìran keje, Microsoft fúnra rẹ̀ ní òun kò ṣe Windows 7 fún un.

Ẹ má gbé ẹ̀dà disk yín sínú rẹ̀ tààrà. Ẹ gbé Windows 7 tuntun sí i. Ti síídì tó ya, ẹ wo inú kọ̀ǹpútà àtijọ́: Windows, System32, DriverStore, FileRepository. Fódà driver káàdì yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì .inf rẹ̀. Ẹ da odindi fódà náà kọ. Bí Windows tuntun bá béèrè driver, ẹ nawọ́ sí i.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo ti rí fódà náà. Láti ọdún yìí wá tí mo ti ń tọ́jú síídì tó ya sínú páálí bíi pé yóò san! Mo ti dà á sórí fláàṣì mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan wà nílé, ìkẹta wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè. Disk àtijọ́ náà ni mo kọ "má pa á rẹ́" sí lára, mo gbé e sókè àpótí. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ sí Ìkẹjà. Káàdì náà á wà nínú báàgì mi.